Oorun Àgbà: Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn àgbà ìjọ sọ ní ọ̀sẹ̀ ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún

Ìgbìmọ̀ tí ó ṣe ètò ọ̀sẹ̀ yìí ni ó rán wa ní iṣẹ́ pé kí a bá yín sọ̀rọ̀ ní ṣókí lórí ohun tí ó lè mú kí ara àwọn àgbà le. A rò ó síwájú, a rò ó sẹ́yìn, a sì pinnu pé ọ̀rọ̀ oorun ni a ó sọ, nítorí pé òun ni a ń bi ara wa léèrè ní òwúrọ̀ gbogbo, òun kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa kì í sì í dáhùn ní òtítọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, kí ni ọmọ Yorùbá ń wí bí ó bá kúnlẹ̀ tàbí bí ó bá dọ̀bálẹ̀ fún àgbà? Yóò ní, "Ẹ káàárọ̀. Ṣé ẹ jí ire? Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Àgbà yóò sì dáhùn pé, "A dúpẹ́ o, ọmọ mi." Ìdáhùn náà dára, ìwà pẹ̀lẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà púpọ̀ ni ó jẹ́ pé ẹni tí ó ń dúpẹ́ yìí ti jí láti aago 1 òru, ó ti ka gbogbo igi àjà tán, ó gbọ́ nígbà tí àkùkọ àkọ́kọ́ kọ, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ kí òwúrọ̀ tó dé. Kò sọ, nítorí pé ó rò pé bí ogbó ti rí nì yẹn. Kò sọ, kí àwọn ọmọ má ba à dààmú. Ẹlòmíràn kò sọ nítorí ohun kan tí ó burú ju méjèèjì lọ, a ó sì dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Ohun tí a fẹ́ kí olúkúlùkù mú lọ sí ilé lónìí kò ju èyí lọ: bí àgbà kò bá rí oorun sùn, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kì í ṣe ìtìjú, kì í sì í ṣe ohun tí kò ní àtúnṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò rí àtúnṣe ní láti kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde. Àtúnṣe náà a sì máa bẹ̀rẹ̀ láti inú ohun tí a ń ṣe ní ọ̀sán, kì í ṣe láti inú ìgò oògùn.

Àwa tí a ń sọ̀rọ̀ yìí, iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ni a fi ìgbà èwe wa ṣe. A ti fẹ̀yìntì nísinsìnyí, àwa pẹ̀lú sì ti wọ ẹgbẹ́ àwọn àgbà. Nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé nìkan ni a ń sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí oorun jẹ́. Fún ìgbà pípẹ́ àwọn oníṣègùn pàápàá rò pé ẹni tí ó sùn dà bí fìtílà tí a pa. Ní 1953, Eugene Aserinsky àti ọ̀gá rẹ̀, Nathaniel Kleitman, ní Yunifásítì Chicago ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n rí i pé ní àwọn àkókò kan nínú oorun, ẹyinjú a máa yí kánkán lábẹ́ ìpéǹpéjú, ọpọlọ a sì máa ṣiṣẹ́ bí ti ẹni tí ó jí. Ìgbà náà ni àlá sì máa ń pọ̀. Láti ìgbà náà ni òye ti yé àwọn ọ̀mọ̀wé sí i pé oorun a máa lọ ní ìyípo: oorun fẹ́lẹ́, oorun ìjìnlẹ̀, oorun àlá, lẹ́yìn náà yóò tún bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú 90 sí ìyípo kan. Iṣẹ́ àtúnṣe ara ni ó ń lọ lọ́wọ́ ní gbogbo àkókò yìí. Kleitman tìkára rẹ̀, tí ó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wádìí oorun, jẹ́ ẹni ọdún 104 nígbà tí ó kú ní 1999.

Bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, oorun ìjìnlẹ̀ a máa dínkù, oorun fẹ́lẹ́ a sì máa pọ̀ sí i. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ariwo kékeré, ìrora díẹ̀, tàbí ìtọ̀ tí kò tó nǹkan fi í jí àgbà, nígbà tí ọmọ ọdún mẹ́wàá yóò sùn bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀ sórí páànù. Ohun kejì tí ó ń yí padà ni agogo inú ara. Ní 2017 ni a fi ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ìṣègùn dá àwọn ará Amẹ́ríkà mẹ́ta lọ́lá, Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young, nítorí pé wọ́n fi eṣinṣin kéékèèké tí í máa ń bà lé èso pípọ́n ṣe ìwádìí, wọ́n sì ṣàlàyé bí agogo yìí ti ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀dá alààyè. Òun ni ó ń sọ fún ara pé àkókò oorun tó, tàbí pé àkókò jíjí tó. Ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ tí ó ń gba ojú wọlé ni ó ń tún un tò ní ojoojúmọ́. Nínú ara àgbà, agogo yìí a máa sáré síwájú: oorun a kun ojú ní aago 8 alẹ́, ojú a sì là ní aago 3 tàbí 4 òru. Ẹni tí ó bá sùn ní aago 8 tí ó sì jí ní aago 3, wákàtí 7 ni ó sùn. Ara rẹ̀ kò bàjẹ́. Ìṣirò rẹ̀ nìkan ni ó ṣì.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Àwọn ènìyàn a máa wí pé àgbà kò nílò oorun mọ́, pé wákàtí 3 tàbí 4 tó o. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2015, National Sleep Foundation ti Amẹ́ríkà kó àwọn ọ̀mọ̀wé jọ, wọ́n sì fi ẹnu kò pé wákàtí 7 sí 8 ni ó yẹ ẹni tí ó ti pé ọdún 65, nígbà tí ti àgbàlagbà tí kò tó bẹ́ẹ̀ jẹ́ 7 sí 9. Ìyàtọ̀ náà kò ju wákàtí kan lọ. Agbára àtisùn ni ó dínkù nínú wa. Àìní oorun kò fi bẹ́ẹ̀ dínkù. Ẹni tí kò bá sùn tó fún ìgbà pípẹ́ lè máa gbàgbé ọ̀rọ̀, ó lè máa kanra, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè máa gbọ̀n lórí ìrìn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì lè máa ru sókè.

A ti sọ pé ohun kan wà tí ó burú ju ìtìjú lọ, tí kì í jẹ́ kí àgbà sọ̀rọ̀. A ti dé ibẹ̀ báyìí.

Ọ̀kan nínú wa mú ìyá rẹ̀ wá sí ilé láti máa bá a gbé nígbà tí ìyá náà ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Kò pẹ́ tí àwọn ará ilé fi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ìró ìlẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ní òru. Ìyá a jáde, a jókòó lórí àpótí lábẹ́ igi máńgòrò, a sì máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ títí di àfẹ̀mọ́júmọ́. Ọmọ ọ̀dọ̀ rí i, ó sọ fún ará ilé kejì. Ará ilé kejì sọ fún ẹlòmíràn. Láìpẹ́, ohun tí gbogbo àgbàlá ń sọ fún ara wọn ní etí ni pé ìyá yẹn kì í sùn lóru. Ẹ̀yin àti àwa ni a mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí ní ilẹ̀ wa bí a bá sọ ọ́ nípa arúgbó obìnrin. Nígbà tí ibà kọlu ọmọ kékeré kan nínú ilé, ọ̀rọ̀ etí di ọ̀rọ̀ gbangba, ẹnìkan sì pe orúkọ àjẹ́.

Ọmọ ìyá náà gbọ́. Nọ́ọ̀sì ni, kò sí iye aláìsàn tí kò tíì bi léèrè bí wọ́n ti sùn. Síbẹ̀ ó dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, ṣùgbọ́n kò sì kọ̀ ọ́ ní ojú ẹnikẹ́ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó kúnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Ìyá ní, "A dúpẹ́." Ní ọjọ́ náà kò dìde. Ó jókòó sórí ẹní, ó ní, "Màmá, ẹ má tíì dúpẹ́. Ẹ sọ fún mi bí òru ti rí."

Ìyá wo ojú rẹ̀ títí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ. Orúnkún ń ro ó bí ó bá ti dùbúlẹ̀ pẹ́. Hóró oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí í máa ń mú ènìyàn tọ̀, alẹ́ ni ó ń lò ó, nítorí pé alẹ́ ni ọmọ rẹ̀ ń ti ibi iṣẹ́ dé tí í fi í lé e lọ́wọ́. Nítorí náà ó ń dìde ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tàbí ẹ̀ẹ̀márùn-ún kí ilẹ̀ tó mọ́. Ilé a máa dá ní ọ̀sán, kò sí ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀, nítorí náà ó ń sùn láti aago 12 títí di aago 4. Obì ni ó fi ń gbé ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Yàrá rẹ̀ móoru, kò sì fẹ́ tan iná kí ó má ba à jí àwọn ọmọ; ìdí nìyí tí ó fi ń jáde. Ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ tí wọ́n ń gbọ́, orúkọ àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni ó ń pè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ó ń gbàdúrà fún wọn, àti fún ọmọ tí ibà mú pẹ̀lú. Nígbà tí ó sọ tán, ó ní, "Mo mọ ohun tí wọ́n ń pè mí. Ìyẹn kò dùn mí tó pé ìwọ náà gbọ́, o kò sì bi mí léèrè."

Dókítà yí àkókò oògùn náà sí òwúrọ̀, ó sì fún un ní ìtọ́jú orúnkún. Ibà ọmọ kékeré náà, ẹ̀fọn ni ó fà á. Oògùn ibà sì wò ó sàn. Ìyá kò padà di ẹni tí ń sùn bí ọmọdé, ṣùgbọ́n láàárín oṣù méjì ó ń sùn nǹkan bí wákàtí mẹ́fà, kò sì jáde lóru mọ́.

Kì í ṣe ìyá yìí nìkan ni ó rí bẹ́ẹ̀. Láti 2003, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí nípa ọjọ́ ogbó láàárín àwọn tí ó lé ní ẹgbàá tí wọ́n ti pé ẹni ọdún 65 sókè, ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí a ti ń sọ èdè Yorùbá. Àìrí oorun sùn wà nínú ohun tí wọ́n bi wọ́n léèrè, a sì rí i pé kì í sábà dá rìn. Ìrora ara tí kò lọ bọ̀rọ̀ àti àwọn àìsàn mìíràn a máa bá a kẹ́gbẹ́. Nítorí náà, bí oorun kò bá sí, kí a wá ohun tí ó lé e lọ. Ohun tí a ṣe ní ilé ìyá náà, àti ohun tí a ti kọ́ láti ìgbà náà, ni a ó kà fún yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkíní ni ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀. Kí àgbà jáde sí ìta láàárín wákàtí kan tí ó bá jí, kí ó jókòó níbi tí ojú ọjọ́ mọ́, kí ó kí àwọn tí ń kọjá. Ìlàjì wákàtí tó. Kí ó máa jí ní àkókò kan náà ní ojoojúmọ́, bí òru tilẹ̀ burú. Ẹni tí oorun ń tètè kùn, tí ó sì ń jí ní òru àìmọ́, kí ó tún wà nínú ìmọ́lẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Èyí a máa fa agogo inú ara sẹ́yìn díẹ̀.

Èkejì ni ìrìn. Àjọ Ìlera Àgbáyé, ní 2020, dá a ní ìmọ̀ràn pé kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 ní ọ̀sẹ̀ kan ṣe ohun tí yóò mú ara gbóná níwọ̀ntúnwọ̀nsì, àti pé kí àwọn àgbà fi ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kún un fún ohun tí yóò jẹ́ kí ẹsẹ̀ dúró ṣinṣin. Ìṣẹ́jú 30 ní ọjọ́ márùn-ún pé iye náà. Rírìn lọ sí ọjà, gbígbá àgbàlá, títọ́jú ọgbà ẹ̀fọ́, gbogbo rẹ̀ ni ó kà. Ẹni tí kò lè rìn jìnnà, kí ó máa dìde kúrò lórí àga kí ó sì tún jókòó, ní ìgbà mélòó kan, kí ẹnìkan dúró tì í. Ara tí kò ṣe iṣẹ́ kankan ní ọ̀sán kò ní ohun tí yóò sinmi lé lórí ní òru.

Ẹ̀kẹta ni oorun ọ̀sán. A kò ní kí ẹ má rẹjú. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ìṣẹ́jú 20 sí 30, kí ó sì parí kí aago 3 tó lù. Oorun ọ̀sán tí ó gùn dà bí ẹni tí ó jẹ oúnjẹ alẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Bí alẹ́ bá dé, ebi kì yóò pa á.

Ẹ̀kẹrin ni obì, kọfí, tíì àti aáṣáà. Gbogbo ọkàn wa ni ó mọ̀ pé àwọn ọlọ́dẹ a máa jẹ obì kí oorun má ba à kùn wọ́n. Síbẹ̀ a ń jẹ ẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, a sì ń bèèrè ohun tí ó gba oorun lọ. Èròjà caffeine tí ó wà nínú obì ni ó wà nínú kọfí àti tíì pẹ̀lú. Lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí 5, ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀. Obì tí a jẹ ní aago 5 ìrọ̀lẹ́, ìdajì rẹ̀ ni a gbé lọ sí orí ibùsùn ní aago 10. Bí a kò bá lè fi í sílẹ̀, kí a jẹ ẹ́ ní òwúrọ̀. Tábà àti aáṣáà pẹ̀lú a máa ta ọpọlọ jí.

Ẹ̀karùn-ún ni oúnjẹ àti omi. Kí oúnjẹ alẹ́ má wúwo, kí ó sì tó wákàtí 2 tàbí 3 ṣáájú oorun. Kí a mu omi tó ní ọ̀sán, kí a sì dín in kù ní wákàtí 2 tí ó ṣáájú oorun. Kì í ṣe pé kí a fi òùngbẹ jẹ ara wa níyà. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wú, kí ó gbé e sórí àpótí fún wákàtí kan ní ìrọ̀lẹ́, nítorí pé omi tí ó kó sí ẹsẹ̀ a máa padà sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí a bá dùbúlẹ̀, a sì di ìtọ̀.

Ẹ̀kẹfà ni yàrá. Kí ó tutù bí ó ti ṣeé ṣe, kí ó ṣókùnkùn, kí àwọ̀n ẹ̀fọn wà níbẹ̀. Kí jẹnẹrétọ̀ má sí nínú ilé tàbí lẹ́bàá fèrèsé, nítorí pé gáàsì kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí kò ní òórùn, tí ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Kí póò wà nítòsí ibùsùn fún ẹni tí ilé ìwẹ̀ jìnnà sí, kí tọ́ọ̀ṣì wà lábẹ́ ìrọ̀rí, kí a sì kó bàtà àti àpótí kúrò lójú ọ̀nà. Nígbà tí àgbà bá fẹ́ dìde lóru, kí ó kọ́kọ́ jókòó sí etí ibùsùn fún ìgbà díẹ̀, kí òòyì má ba à kọ́ ọ.

Èkeje ni ohun tí a ó ṣe bí oorun kò bá wá. Ní 1972, Richard Bootzin ní Amẹ́ríkà kọ́ àwọn ènìyàn pé kí ẹni tí kò bá rí oorun má ṣe dùbúlẹ̀ kí ó máa bá ibùsùn jà. Bí ó bá tó bí ìṣẹ́jú 20, kí ó dìde lọ jókòó níbòmíràn, nínú iná tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀, kí ó ṣe ohun jẹ́jẹ́, kí ó sì padà nígbà tí oorun bá tún kun ojú. Kí ó má máa wo aago, kí ó má sì mú fóònù lọ́wọ́. Báyìí ni ọkàn yóò fi tún kọ́ pé ibùsùn wà fún oorun, kì í ṣe fún ìrònú. Ẹ̀kọ́ yìí àti àwọn tí ó jọ ọ́ ni American College of Physicians, ní 2016, ní kí a fi ṣáájú oògùn fún ẹni tí àìrí oorun sùn ti wọ̀ lára. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Kí ẹnikẹ́ni má retí pé òru kan ni yóò tún un ṣe.

Ní ti oògùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ wa. Bàbá kan tí a mọ̀ gba hóró oògùn oorun lọ́wọ́ ẹni tí ń tajà, láìrí dókítà. Ó sùn nítòótọ́. Ní òru kẹrin ó dìde láti tọ̀, oorun ṣì wà lójú rẹ̀, ó ṣubú, egungun ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́. Kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ilé ìsìn mọ́. Oògùn bíi Valium a máa pẹ́ nínú ara, ó sì máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ara àgbà, a sì máa mú kí ẹsẹ̀ má ránlẹ̀ kí iyè sì rá. Piriton tí a fi ń wo ara yíyún, tí ọ̀pọ̀ sì ń lò nítorí oorun, kò yẹ àgbà pẹ̀lú. Ó lè dá ìtọ̀ dúró, ó lè da ọkàn rú. Dókítà Mark Beers ní Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ tẹ ìwé jáde ní 1991 nípa àwọn oògùn tí ó yẹ kí àgbà yẹra fún. A ti ń tún ìwé náà ṣe láti ìgbà náà, oríṣi oògùn méjèèjì tí a dárúkọ yìí sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ń lo oògùn oorun tipẹ́, kí ó má ṣe dá a dúró lójijì, nítorí pé ewu wà nínú ìyẹn pẹ̀lú. Kí dókítà bá a dín in kù ní díẹ̀díẹ̀. Ọtí àti agbo tí a fi ọtí ṣe, wọn a máa fi oorun fún ni ní ìbẹ̀rẹ̀ òru, wọn a sì gbà á padà ní ọ̀gànjọ́.

Àwọn nǹkan kan wà tí ìwà ojoojúmọ́ nìkan kò lè tún ṣe. Ẹni tí ń hanrun púpọ̀, tí mímí rẹ̀ sì ń dúró tí ó tún ń mí gúlọ́, kí ó lọ rí dókítà, nítorí pé àìsàn yìí a máa bá ẹ̀jẹ̀ ríru rìn. Ọkùnrin tí ìtọ̀ ń yọ lẹ́nu, ẹni tí àtọ̀gbẹ ń mú tọ̀, ẹni tí ìrora ń jí, ẹni tí ìbànújẹ́ kò fi sílẹ̀ lẹ́yìn ikú ọkọ tàbí aya: kí gbogbo wọn sọ ọ́. Ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn University College Hospital ti ní ibùdó ìtọ́jú tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn àgbà láti 2012. A kò sọ pé gbogbo wa ni yóò lè dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ìtòsí lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, bí a bá kó gbogbo oògùn wa sínú àpò kan lọ fi hàn án.

Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀rọ̀ kan kù fún yín. Ẹ má fi àgbà sílẹ̀ ní òun nìkan ní gbogbo ọ̀sán, kí ẹ sì máa retí pé kí ó sùn ní gbogbo òru. Ẹ̀yin tí ẹ ní arákùnrin àti arábìnrin ní òkè òkun, ẹ bá wa sọ fún wọn pé nígbà tí aago 7 alẹ́ bá lù ní New York ní ìgbà ooru wọn, aago 12 òru ni ó lù níhìn-ín. Ní ìgbà òtútù wọn, aago 1 ni. Ìfẹ́ ni ó mú kí wọ́n pe ìyá wọn. Kí ìfẹ́ kan náà mú kí wọ́n pè é ní ọ̀sán.

Ẹ̀yin àlùfáà wa ọlọ́wọ̀, pẹ̀lú ìtẹríba ni a fi ń sọ èyí. Bí ìdílé kan bá mú arúgbó obìnrin wá sí ọ̀dọ̀ yín, tí wọ́n ní kì í sùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi ìyá náà léèrè nípa orúnkún rẹ̀, nípa ìtọ̀ rẹ̀, nípa oògùn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bi í ní ohun mìíràn. Ẹ gbàdúrà fún un. Kí ẹ sì rán an lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìdílé ń fi ẹ̀sùn kàn án, ẹ dúró tì í ní gbangba. Ọ̀rọ̀ yín lè gba ẹ̀mí là, nítorí pé a mọ ibi tí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ ti gbé àwọn ìyá kan dé.

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ̀yin ni ẹ jẹ́ kí ọgọ́rùn-ún ọdún yìí ní ìtàn tí a lè sọ. Bí ọmọ bá kúnlẹ̀ ní òwúrọ̀ ọ̀la, tí ó sì béèrè pé, "Ṣé ẹ sùn dáadáa?", ẹ dúpẹ́, nítorí pé ọpẹ́ yẹ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọpẹ́, ẹ sọ bí òru ti rí. Kí ọmọ náà má sì ṣe dìde títí yóò fi gbọ́ ìdáhùn.

Ó dàárọ̀ o. Kí gbogbo wa sùn ire, kí a sì jí ire.